Ṣé mo lè fi oúnjẹ ṣe ìrántí àwọn àgbà ilé wa, kí n sì pe ọ̀rẹ́ sí i?

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọbìnrin ọdún 31 ni mí. Ìsàlẹ̀ Àfọ́n ni agbo ilé bàbá mi wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ Under-G ni mo ń gbé. Mo fẹ́ pe ọ̀rẹ́ mi mẹ́wàá wá jẹun lálẹ́ Sátidé kan, kí n fọwọ́ ara mi se oúnjẹ náà, kí n fi ṣe ìrántí bàbá bàbá mi àti ìyá bàbá mi, pẹ̀lú àwọn tó ṣáájú wọn. Bàbá mi ní kò sóhun tó burú níbẹ̀. Màmá mi ní ìbọ òkú ni, kí n má gbé e wọ ilé àwọn. Mùsùlùmí wà nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi wà níbẹ̀, ẹnì kan sì wà tó ń ṣe Ìṣẹ̀ṣe. Kí ni mo lè sè tó máa jẹ́ oúnjẹ àwọn baba ńlá wa lóòótọ́? Ṣé dandan ni kí n ta ohun mímu sílẹ̀? Ẹnì kan tún sọ fún mi pé ẹbí nìkan ló ń jẹ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ là mí lọ́yẹ̀."

Ọmọ mi, ẹ̀wà ni mò ń ṣà nígbà tí ìwé rẹ dé, mo sì fi ẹ̀wà sílẹ̀ kà á tán. Ohun mẹ́ta lo béèrè: ọ̀rọ̀ tí màmá rẹ sọ, ohun tó máa wà nínú ìkòkò, àti àwọn tó yẹ kó jókòó jẹ ẹ́. Mo rí ìkẹrin tí o kò kọ. Ẹ̀rù ń bà ọ́ kí gbogbo rẹ̀ má lọ dà bí eré: kí o wọ aṣọ òkè, kí o gbé igbá àti àwo amọ̀ kalẹ̀, kí ẹ ya fọ́tò, kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ sì padà sílé láìmọ ẹyọ ohun kan nípa bàbá bàbá rẹ. Ẹ̀rù yẹn tọ́. Iṣẹ́ alásè ni mo fi tọ́ ọmọ. Ó ti lé ní 30 ọdún tí mo ti ń dáná nílùú yìí; òkú àgbà, fidáù, ìdúpẹ́ ọdún kẹwàá, ọdún eégún, kò síbi tí ìkòkò mi ò dé. Ọ̀rọ̀ ìkòkò ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Ní ti ẹ̀sìn, ohun tí ojú mi rí ni mo lè sọ. Ìpinnu kù sọ́wọ́ ìwọ àti màmá rẹ.

Ọ̀dọ̀ wọn náà ni ká ti bẹ̀rẹ̀, nítorí bí ìyá bá ń fapá jánú nínú yàrá, oúnjẹ yẹn ò ní lọ lọ́nà ọ̀fun ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe pé wọ́n ń ṣagídí. Ohun mẹ́rin ló wà nílẹ̀ wa tí oúnjẹ wọn jọra, tí àwọn èèyàn sì ń dà pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ìbọ, tí wọ́n ń gbé oúnjẹ síwájú òkú fúnra rẹ̀ lójú oórì tàbí nídìí eégún ilé, tí wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì ń da obì kí wọ́n lè gbọ́ èsì. Òmíràn ni sàráà àti fidáù àwọn Mùsùlùmí: aáfà á ṣàdúà kí Ọlọ́run forí jin ẹni tó lọ, wọ́n á sì fi oúnjẹ ta àwọn èèyàn lọ́rẹ. Ẹ̀kẹta ni ìdúpẹ́ àwọn ọmọlẹ́yìn Jésù, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ jó síwájú pẹpẹ, ẹ padà wálé wá jẹ ìrẹsì. Èyí tí ìwọ ń wí ni ìkẹrin, kò sì lórúkọ kan pàtó láàárín wa, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n tètè sọ ọ́ di ti àkọ́kọ́. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ kan náà lè bá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ. Ẹni tí wọ́n gbé àwo síwájú rẹ̀ ló ya wọ́n, àti ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Níbi ìbọ, wọ́n ń bá òkú sọ̀rọ̀. Níbi tìrẹ, ọ̀rọ̀ òkú lẹ fẹ́ sọ. Alààyè ló máa gbọ́, alààyè ló máa jẹun. Sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀, má fi nǹkan kan bò, má sì fà á gùn. Bí wọ́n bá ṣì kọ̀, ilé wọn ni. Yàrá rẹ ní Under-G á gba èèyàn mẹ́wàá bí ẹ bá gbé bẹ́ẹ̀dì dúró tí ẹ tẹ́ ẹní.

Ṣùgbọ́n tún ìwé rẹ kà. Bàbá bàbá rẹ wà níbẹ̀. Ìyá bàbá rẹ wà níbẹ̀, àwọn tó ṣáájú wọn náà wà níbẹ̀. Ìyá tó bí màmá rẹ ńkọ́? Bàbá wọn ńkọ́? Obìnrin tó ti lò tó 30 ọdún nílé ọkọ, tí etí rẹ̀ ti kún fún oríkì ilé ọkọ, á mọ̀ ọ́n lára bí ọmọ tóun bí bá fẹ́ ṣe àjọ̀dún ìran tí kò sì rántí ìran tòun. Wọn ò ní sọ ọ́ síta. "Ìbọ òkú" ni wọ́n máa pè é. Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni ti màmá rẹ rí. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ wọn pọ́ńbélé, tó bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, bọ̀wọ̀ fún un. Àmọ́ mo ti rí i nílé tó ju ẹyọ kan lọ, tí ọmọ béèrè pé, "Màmá, ọbẹ̀ wo ni ìyá yín máa ń sè bí ẹ bá délé lọ́jọ́ ọdún?", tí ìyá tó ti ń pariwo láti àárọ̀ sì fa àpótí, tó jókòó, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka irú àti ata.

Ohun mímu títa sílẹ̀, rárá, kì í ṣe dandan. Nínú agbo ilé pàápàá, kì í ṣe ẹni tó bá ṣáà ti di ife mú ló ń ta á. Olórí ilé ni, tàbí àgbà tí wọ́n yàn. Ó mọ orúkọ àwọn tó ń pè, ó mọ bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra. Ọmọ ọdún 31 tó da ọtí sórí táìsì nítorí pé ó rí i nínú fíìmù, iṣẹ́ ló dá sílẹ̀ fún ẹni tó máa nu ilẹ̀. Eégún náà, má tiẹ̀ dá a lábàá. Ti gbogbo agbo ilé ni eégún ilé, ó ní àwọn ọlọ́jẹ̀ tó ń gbé e jáde, ó sì ní àsìkò. A kì í gbé e wọ pálọ̀ wá dá ọ̀rẹ́ lára yá. Ọ̀rẹ́ rẹ tó ń ṣe Ìṣẹ̀ṣe lè ní ohun tóun ń ṣe kó tó jẹun. Jẹ́ kó ṣe tirẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ti Mùsùlùmí tó ń ṣe bìsímílà àti ọmọ Onítẹ̀bọmi tó ń dijú. Bí o bá sì fẹ́ gbólóhùn kan tí ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀, "Mo júbà àwọn tó ṣáájú" tó. Mi ò tíì rí àlejò tí ìyẹn lé dìde nídìí oúnjẹ. Ohun kan péré: bí ó bá jẹ́ ilé bàbá rẹ lẹ ti máa jẹ ẹ́, tí sàréè bàbá bàbá rẹ wà níwájú ilé bó ṣe wà ní ọ̀pọ̀ ilé wa, tí wọ́n ti lẹ táìsì mọ́ ọn tó ń dán, má gbé àwo lé e, má sì jẹ́ kí àlejò fi ṣe bẹ́ńṣì. Àwo kan ṣoṣo tí màmá rẹ bá rí níbẹ̀, gbogbo àlàyé rẹ ti wó.

Ẹni tó ní ẹbí nìkan ló ń jẹ ẹ́, òfin ìbọ ló mú wá síbi tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìlú tí ìwọ fúnra rẹ ti ń kọ̀wé yìí, bí ìtàn ṣe sọ ọ́ fún wa, ìdí oúnjẹ ọ̀rẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ogunlọlá ọdẹ dó sábẹ́ igi àjàgbọn. Èéfín ló jẹ́ kóun àtàwọn ọdẹ yòókù tó wà nínú igbó náà mọ̀ pé èèyàn wà nítòsí. Wọ́n wá ara wọn rí, wọ́n dá ẹgbẹ́ Alóńgo sílẹ̀, bí wọ́n bá sì ti tọdẹ dé, ahéré Ogunlọlá ni wọ́n ń wọ́ lọ. Lọ́rungbẹkún ìyàwó rẹ̀ a gbé oúnjẹ ẹ̀wà kalẹ̀, a bu ọtí tó fi ọkà bàbà pọn, wọn a jẹ, wọn a mu, wọn a sọ̀rọ̀ ìlú. Wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà, ibi tí kálukú ti wá yàtọ̀. Orí jagunjagun Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tí Ogunlọlá gé ni orúkọ ìlú ń rántí, ọmọdé jòjòló mọ ìyẹn. Ẹ̀wà Lọ́rungbẹkún, àfi ká bi àwa alásè.

Ó wá kan ìkòkò. "Oúnjẹ àwọn baba ńlá wa lóòótọ́" lo kọ. Baba ńlá wo? Gbogbo wa la ń ki ìlú yìí ní Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, níbi tí wọ́n gbé ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan. Àgbàdo ni yangan. Àgbàdo kì í sì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí: ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, lẹ́yìn 1492 ni ọkọ̀ àwọn Òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e wá sí etíkun wa. Ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe láfún, ọ̀nà kan náà ló gbà wọlé. Ata rodo, tàtàṣé, tòmátì, àlejò ni gbogbo wọn. Kí wọ́n tó dé, ataare àti iyèré ló ń ta lẹ́nu. Iṣu, ọkà bàbà, ẹ̀wà, ilá, irú, epo pupa, àwọn wọ̀nyí ni onílé. Bí o bá wá ní oúnjẹ baba ńlá rẹ láti ìran ogún sẹ́yìn lo fẹ́ sè, o ò ní rí ata rodo kan fi sínú ọbẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ á sì jẹ ẹ́ tìtìjú-tìtìjú. Èmi ò fi ìyẹn dí ẹ lọ́nà o. Ohun tí mò ń wí ni pé kí o má lé ohun tí ọwọ́ ò tó. Dúró lórí àwọn tí ẹnì kan tó ṣì wà láàyè fojú rí, tó sì jẹ nínú ìkòkò wọn. Bóyá ìran méjì ni, ó pọ̀ jù mẹ́ta. Àwọn tó ṣáájú wọn, ẹ dárúkọ wọn tí ẹ bá mọ̀ ọ́n, kí ẹ máa bá oúnjẹ lọ.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ torí mo ti ṣe àṣìṣe yẹn. Ní 2009, mo pe mẹ́jọ nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi pé kí wọ́n wá bá mi rántí ìyá tó bí bàbá mi. Alásè ni mí, mo fẹ́ ṣe é kó hàn. Ọbẹ̀ márùn-ún ni mo sè. Mo sì pe àwọn géńdé méjì wá gúnyán, nítorí lọ́kàn tèmi, oúnjẹ àtijọ́ tó níyì ni iyán. Àbúrò bàbá mi obìnrin, tó ti lé ní 80 ọdún nígbà náà, la gbé wá láti ṣe bí àgbà ilé. Màmá ṣí àwo, wọ́n wò ó. "Ta lẹ gún iyán fún?" Mo ní ìyá àgbà ni, mà. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di òpó ilé mú. "Ìyá yín gún iyán nílé ọkọ fún ogójì ọdún. Bí bàbá bá ti oko dé lóru, wọ́n á jí i pé kó gúnyán. Lọ́jọ́ tí bàbá kú, tí wọ́n sin ín tán, ló yí odó jáde sẹ́yìnkùlé. Kò fẹnu kan iyán mọ́ títí tó fi lọ. Ọkà àti orúnlá ni tiẹ̀." Ìyá tí mo ń bọlá fún nìyẹn o, ohun tó kórìíra jù láyé ni mo kó géńdé méjì jọ láti gún lórúkọ rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi jẹ iyán náà, ó dùn. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá bi wọ́n lónìí, kò sẹ́ni tó rántí ẹyọ kan nínú ọbẹ̀ márààrún. Ọ̀rọ̀ odó yẹn ni gbogbo wọn mọ̀.

Nítorí náà, kí o tó lọ sọ́jà, kọ́kọ́ lọ béèrè. Àwọn ìyàwó ilé tó ti dàgbà àti àwọn àbúrò bàbá rẹ lóbìnrin ni kí o bá. Àwọn ọkùnrin mọ ilẹ̀, wọ́n mọ oyè, àwọn obìnrin ló mọ ohun tó wà nínú ìkòkò, àwọn náà ló sì mọ oríkì. Má lọ lọ́wọ́ òfo, búrẹ́dì kan ò pọ̀. Má sì béèrè pé "Kí ni wọ́n máa ń jẹ?" Wọ́n á ní "Ọkà ni, kí la tún ń jẹ?", ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Béèrè pé kí ni wọn kì í jẹ. Ta ni wọ́n máa ń bu orí ẹran fún? Bí iṣu bá tán lóko, kí lẹ máa ń rọ́jú jẹ? Oúnjẹ wo ló máa ń dájà sílẹ̀ nínú agbo ilé? Ọbẹ̀ ta ló dùn jù nínú àwọn ìyàwó bàbá? Ìkẹyìn yẹn, rí i pé ẹ̀yin méjì péré lẹ wà níbẹ̀. Kí o tún béèrè èèwọ̀ ilé. Àwọn olórìṣà Pópó nílùú wa, fún àpẹẹrẹ, kì í mu ẹmu. Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ìdílé rẹ ti ṣẹ̀ wá, tí o lọ ra ẹmu kẹ̀ǹgbẹ̀ méjì pé kó lè jọ ti ìbílẹ̀, ohun tí wọn ò jẹ́ fi kan ẹnu lo gbé kalẹ̀ lórúkọ wọn.

Bí o bá ní kí n yàn fún ọ kí o tó gbọ́ tẹnu àwọn ìyá ilé, màá ní ọkà, orúnlá, ọbẹ̀ ata ẹlẹ́ran, ọ̀lẹ̀lẹ̀ ewé. Ó tán. Má fi ìrẹsì kún un. Bí ìrẹsì bá ti lè wà níbẹ̀, ìran ni wọ́n máa fi ọkà wò. Gbẹ̀gìrì àti ewédú dára, ṣùgbọ́n kò sí bùkà tí wọn ò ti tà á ní Tákíè. Orúnlá ló ń lọ mọ́ wa lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ní ọbẹ̀ tálákà ni. Ọbẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ni: lásìkò òjò tí ilá bá pọ̀ bí ewé, àwọn ìyá a rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, wọn a sá a sóòrùn títí á fi gbẹ kókó, wọn a gún un kúnná, wọn a tọ́jú rẹ̀ de ìgbà ọyẹ́ tí ilá tútù á wọ́n lójú. Bí o bá fẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ rí bí ìyá rẹ àgbà ṣe ń ronú, abọ́ orúnlá kan á sọ fún wọn.

Bí wọ́n ṣe ń sè é nìyí. Gbé omi kaná sínú ìkòkò tó jìn, má kún un ju ìdajì lọ, nítorí á ru. Fi kán-ún tó tó orí ìka sí i, irú tí o ti fọ̀ tó mọ́, àti iyọ̀. Nígbà tó bá ń hó, fọwọ́ òsì wọ́n orúnlá sí i díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń wọ́n ìyẹ̀fun, kí ọwọ́ ọ̀tún máa fi ìjábẹ̀ jà á láìdúró. Bí o bá dà á gbùà, kókó ló máa dì, ìjábẹ̀ mẹ́wàá ò ní fọ́ ọ. Á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, á máa fà. Ìṣẹ́jú márùn-ún sí méje ti tó o, má dé e pa. Má fi Maggi sí i, jọ̀ọ́. Kì í ṣe nítorí pé Maggi burú. Mò ń lò ó níbi òde. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà ò lò ó, irú ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn fún un, iṣẹ́ ńlá sì ni irú fúnra rẹ̀: èso igi igbá tí wọ́n sè láti àárọ̀ títí di ọjọ́ kejì, tí wọ́n bó, tí wọ́n tún sè, tí wọ́n sì fi ewé bò fún bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó lè kan. Irú wooro ni kí o rà, kí o sì gbóòórùn rẹ̀ kí o tó sanwó.

Èèyàn mọ́kànlá lẹ máa jẹ́, kòǹgò èlùbọ́ kan ààbọ̀ tó yín. Kù ú lẹ́ẹ̀mejì. Má rò ó sílẹ̀ láti agogo mẹ́rin sínú kúlà de agogo méje. Á làágùn, á tẹ́. Jẹ́ kí àlejò jókòó kí o tó gbé omi kaná, òórùn ọkà tó ń jáde láti ìdáná gan-an wà lára àsè náà. Bí omi bá hó yaya, bu díẹ̀ pamọ́ nínú rẹ̀, da èlùbọ́ sí i, fi orógùn pò ó, máa fún un mọ́ ara ìkòkò kí kókó lè fọ́. Wọ́n omi tí o bù pamọ́ yí i ká, dé e lórí iná tó rọlẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí o wá rò ó ní àròkẹ́yìn. Bí apá rẹ ò bá ro ọ́, kò tíì jinná. Ọkà inú ọ̀rá lẹ́yọ-lẹ́yọ ti bùkà ni. Nílé bàbá bàbá rẹ, abọ́ ńlá ni wọ́n ń bù ú sí. Bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ bá gbà, ẹni mẹ́ta sídìí abọ́ kan, kí ẹ fọwọ́ dáadáa. Ẹni tí kò bá fẹ́, fún un ní àwo tirẹ̀, má jẹ́ kó ṣàlàyé. Ọ̀lẹ̀lẹ̀, ewé eéran ni kí o fi pọ́n ọn, kì í ṣe agolo. Mo ní láti sọ fún ọ pé oúnjẹ tí wọ́n mọ̀ mọ́ eégún ni ọ̀lẹ̀lẹ̀, màmá rẹ lè fajú ro sí i. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, yọ ọ́ kúrò. Kò tó ìjà.

Ẹran gba ìṣọ́ra ju bó o ṣe rò lọ. Mùsùlùmí kì í jẹ ẹran tí wọ́n pa lórúkọ ẹlòmíràn yàtọ̀ sí Ọlọ́run, Kùránì wọn ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ Onítẹ̀bọmi rẹ náà lè ti ka ohun tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Kọ́ríńtì nípa ẹran tí wọ́n fi bọ òrìṣà. Torí náà, má pa ẹran kankan nítorí òkú, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa á nítòsí sàréè. Ra ẹran màlúù lọ́jà Wásò, bi alápatà bóyá Mùsùlùmí ló dúńbú rẹ̀, èsì rẹ̀ lo máa sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ. Bó bá jẹ́ adìyẹ, gbé e fún ọ̀rẹ́ rẹ náà kó pa á. Nígbà tí o bá sì ń pè wọ́n, sọ ohun tí wọ́n ń bọ̀ wá ṣe àti ohun tí ẹ ò ní ṣe. Mo mọ ẹnì kan tó pe àwọn èèyàn wá "jẹun ṣáá", tí wọ́n débẹ̀ bá fọ́tò òkú àti àbẹ́là. Méjì nínú wọn ò mu omi. Wọn ò jẹ̀bi.

Ní ti ọ̀rọ̀ sísọ, má jẹ́ kó gùn. Ebi ń pa wọ́n. Kí o tó ṣí ìkòkò, sọ ìtàn kan ṣoṣo nípa ẹni tó ni ọbẹ̀ yẹn, kó má ju ohun tí ọkà fi máa rọ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, bí ẹ ti ń jẹ, kí olúkúlùkù ọ̀rẹ́ rẹ dárúkọ àgbà kan nílé tiwọn, kó sì sọ ohun kan tí ẹni náà fẹ́ràn láti jẹ tàbí tí kì í jẹ. Sọ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, nítorí ọ̀pọ̀ wọn á ní láti pe ilé lórí fóònù kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Ìpè yẹn fúnra rẹ̀ dára. Oríkì ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ọ̀pọ̀ yín mọ Àjọkẹ́ àti Àkànní, ṣùgbọ́n tó bá dórí oríkì orílẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ń sá lọ. Mo wà níbi tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti dìde tó ń ké "Ìyẹ̀rú Òkín, Olófà mọjò, ìjàkadì lorò Ọ̀fà", ó ń ké e bí ẹni tí wọ́n sanwó fún. Bàbá àgbà kan bi í pé, "Ta ló ti Ọ̀fà wá nílé yín?" Ìkòyí ni wọ́n. Ọmọ Ẹ̀ṣọ́ tí kì í gbọfà lẹ́yìn ló ń fi oríkì ẹni ẹlẹ́ni yan. Bí o kò bá mọ tìrẹ, gba ohùn ìyá kan nínú agbo ilé yín sórí fóònù, kí o tẹ̀ ẹ́ fún wọn. Ìlà mẹ́rin tó jẹ́ tiyín tó.

Bí o bá ń béèrè káàkiri, wàá gbọ́ ohun tí o kò fẹ́ gbọ́ pẹ̀lú. Wọ́n lè sọ fún ọ pé bàbá bàbá rẹ fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà nítorí gbèsè, tàbí pé ìyàwó kan wà tí wọ́n lé jáde, tí ẹnì kankan ò dárúkọ rẹ̀ mọ́. Àwọn kan ní kí a máa sọ rere òkú nìkan. Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ wà nínú agbo ilé tiwa, mo máa ń dárúkọ rẹ̀, mo sì máa ń sọ pé òun ló kọ́kọ́ ń ṣe irú tà níbẹ̀, torí òun náà ni. Ohun tí mi ò gbà láyè nídìí oúnjẹ ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ogún pínpín. Bó bá wọlé, gbé ẹran yí wọn ká. Bóyá ohun búburú tí o bá gbọ́ yẹ fún etí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, bi bàbá rẹ. Orúkọ ilé tiwọn ni, kì í ṣe tèmi.

Bí ẹ bá jẹun tán, bu orúnlá sọ́tọ̀ sínú abọ́ tó ní ìdérí, gbé e sínú fìríìjì, kí o tún un gbé kaná láàárọ̀ Sọ́ńdè. Ro ọkà tuntun tó ìwọ̀n ẹnì kan. Gbé e lọ fún ìyá tó sọ fún ọ ohun tí wọ́n máa ń jẹ, kí o jókòó tì wọ́n títí wọ́n á fi tọ́ ọ wò. Wọ́n á sọ fún ọ pé kán-ún rẹ̀ pọ̀ jù, tàbí pé irú rẹ̀ ò tó, tàbí pé ìyá àgbà máa ń fi ẹja gbígbẹ kan báyìí sí i tí wọ́n gbàgbé láti sọ. Mú bírò dání.